Iṣan tí Mo Gé Lọ́rùn Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yìn ọrùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rántí láyé yìí. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilé wa, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Idigny, ní ilẹ̀ Kétu. Ìyá mi ti lóyún mìíràn, kò lè pọ̀n mí mọ́, ìyàwó tuntun ni wọ́n sì fà mí lé lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà nígbà tó bá ń lọ pọnmi, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni mo wà nígbà tó bá ń bọ̀. Bí ìkòkò bá ti wà lórí òṣùká, tí omi sì kún un, iṣan méjì á dìde lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n á le bí okùn tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́. Òógùn á máa ṣàn gba àárín wọn. Mo máa ń fi ìka mi dí i lọ́nà, òun á sì máa rẹ́rìn-ín láìmi orí.

Omi jìnnà sílẹ̀ lórí òkè tí a wà yìí. Okùn kànga tí àwọn baba wa gbẹ́ gùn débi pé obìnrin méjì ló ń fà á pọ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kànga á gbẹ, àwọn obìnrin á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn láti òwúrọ̀ kùtùkùtù títí oòrùn á fi mú, nítorí ìkòkò omi kan ṣoṣo. Lójú àwọn ará ilé wa nígbà náà, obìnrin tí kò bá lè ru omi, ó ṣòro kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe.

Mo ti wà nílé kó tó dé, nítorí náà kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń nù mí nímú. Nígbà tí wọ́n fi mí sí lẹ́kọ́ọ̀lù, ilé ìwé àwọn Fadá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Akọ̀wé. Gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún tí àwọn Faransé gbé ìjọba lé wa lọ́wọ́, mo wà ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Dókítà tó ń kọ́ wa, ọmọ Ègùn ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìka lu tábìlì bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ìgbà mìíràn wà tí òkú ẹni tí kò ní ará máa ń wà nílé ìwòsàn, irú àwọn òkú bẹ́ẹ̀ ló fi ń kọ́ wa.

Ó da òkú ọkùnrin kan dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ká máa wò ó bí ẹni ń ká aṣọ kúrò lórí aṣọ. Lẹ́yìn tó ṣí awọ, a rí ẹran kan tó fẹ̀ bí ìborùn: ó ti ìpàkọ́ bẹ̀rẹ̀, ó bo ẹ̀yìn ọrùn, ó nà dé góńgó èjìká méjèèjì, ó sì tẹ́ sílẹ̀ títí dé àárín ẹ̀yìn. Dókítà ní ẹran yìí ló ń gbé èjìká ró kí ẹrù ọwọ́ má fà á wálẹ̀. Nígbà tó ká ìyẹn, a rí àwọn mìíràn tí wọ́n gùn bí ọ̀já, tí wọ́n lọ́ láti ara egungun ọrùn lọ sí ẹ̀yìn etí. Àwọn ló ń yí orí. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ agbárí gan-an, àwọn kéékèèké kan wà tí wọn kò ju ìka ọmọdé lọ. Ó ní àwọn wọ̀nyí ni orí fi ń mì díẹ̀díẹ̀, débi pé obìnrin á ru omi kọjá lórí òkúta, omi ò ní dànù. Láàárín egungun kan sí èkejì, àwọn okùn funfun ń yọ ní méjì méjì, wọ́n ń lọ sí awọ orí, wọ́n ń lọ sí èjìká, wọ́n ń lọ sí apá títí dé ìka.

Lédè wa, iṣan ni a ń pe gbogbo rẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Èyí tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan ni. Okùn funfun tó ń gbé àṣẹ láti inú orí lọ fún ọwọ́, iṣan náà ni. Lédè Faransé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀, àwọn orúkọ náà sì pọ̀ jù fún mi.

Lọ́jọ́ tó fi ẹ̀gbẹ́ ọrùn hàn wá, èrò pọ̀, ẹ̀yìn ni mo wà. Mo gbọ́ tó ń sọ pé okùn kan wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín, tí kò jìn sí awọ rárá, òun ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn kọjá lọ sínú ẹran fífẹ̀ yẹn.

“Ẹ wò ó dáadáa,” ó wí. “Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kan èyí, ó ti pa èjìká nìyẹn.”

Mo nàgà, ìpàkọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni mo rí. Mo kọ orúkọ okùn náà sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé mi, mo sì fàlà sí i nídìí. N kò rí i.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n rán mi padà sí ilẹ̀ wa, sí dipẹ́ńsà kan, ilé ìwòsàn kékeré tó wà láàárín Idigny àti Kétu. Faransé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti palẹ̀ mọ́ lọ sílé rẹ̀. Ó fi ibùsùn mẹ́rin sílẹ̀, tábìlì kan, àti àpótí kan tí ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ àti àlùmọ́gàjí wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Dókítà tó súnmọ́ wa jù lọ, ó di ká wọ kamiyọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù, ká tó rí i. Bí àwọn èèyàn bá pè mí ní dókítà, mo kọ́kọ́ máa ń sọ pé, “Èmi kọ́ ni dókítà, èmi kàn ń tọ́jú aláìsàn ni.” Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, n kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí àgbàdo kejì ọdún ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó fi gèlè wé ọrùn bí ẹni tí òtútù ń mú. Ìyàwó kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ abúlé Kpankou ni, kò tíì tó ogún ọdún, ọmọ jòjòló kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì mọwọ́ ara wọn. Odó kan náà ni wọ́n fi ń gún nǹkan. N kò gbọ́ rí pé wọ́n jà.

“Akọ̀wé,” ìyáálé wí, “bá mi wo nǹkan yìí.”

Ó tú gèlè. Kókó kan wà lápá ọ̀tún ọrùn rẹ̀, sápá ẹ̀yìn, láàárín etí àti èjìká. Ó tó awẹ́ obì. Mo tẹ̀ ẹ́, ó yẹ̀ lábẹ́ ìka mi.

“Ó ń dùn yín?”

“Kò dùn mí. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ni kò jẹ́ kí n gbádùn.”

“Ta ló ń wò ó?”

“Ta ni kò wò ó? Lẹ́bàá kànga, wọn á dákẹ́ bí mo bá dé. Ìyá wa sọ lánàá pé kókó kì í ṣàdédé yọ lọ́rùn ẹni.”

Ìyá mi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní oògùn, mo ní kó padà wá. Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kókó náà wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé màá kọ lẹ́tà, kó wọ kamiyọ̀n lọ sí Àjàṣẹ́, kí dókítà yọ ọ́ fún un.

“Àgbàdo ń gbẹ lóko,” ó wí. “Ta ló fẹ́ kó o? Kí ni wọ́n wá ń kọ́ ọ ní gbogbo ọdún yẹn?”

“Oówo, ọgbẹ́ àti abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́ mi. Ọrùn yàtọ̀.”

“Ẹni tí mo pọ̀n lẹ́yìn tó di dókítà, kí n fi í sílẹ̀, kí n lọ na ọrùn fún ẹni tí n kò mọ̀ rí? Akọ̀wé, gé e kúrò lára mi.”

Bí mo bá sọ pé àánú rẹ̀ ló mú mi gbà, irọ́ ni. Mo fẹ́ ṣe é. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, oówo nìkan ni mo ń là. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ dé Kétu pé mo yọ kókó lọ́rùn èèyàn.

A ṣe é lówùúrọ̀, lẹ́bàá fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀. Mo ní kó fi ẹ̀gbẹ́ sùn sórí tábìlì. Ìyàwó kékeré fi ọmọ rẹ̀ sí orí ẹní, ó wá di orí ìyáálé rẹ̀ mú fún mi, ọwọ́ kan ní ìpàkọ́, ọwọ́ kan ní àgbọ̀n. Mo gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora. Mo la awọ. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti ọ̀rá sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí kókó náà, ó pọ́n ráúráú, ó ń dán bí ẹyin aláǹgbá. Inú mi dùn. Mo ń tú u díẹ̀díẹ̀ kúrò lára ohun tó yí i ká, ó sì ń gbọ́ tèmi, àfi ibì kan lẹ́yìn tó ti lẹ̀ mọ́ okùn funfun kan. Okùn náà kò nípọn ju òwú tí wọ́n fi ń ran aṣọ lọ. Mo fà á, kò já. Mo rò pé gbòǹgbò kókó náà ni.

Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e.

Èjìká rẹ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì balẹ̀.

“Ìyá, ṣé ó dùn yín?” ìyàwó kékeré bi í.

“Rárá,” ó dáhùn. “Èjìká mi kàn ta ni.”

Mo gbé kókó náà sínú àwo funfun, mo fi hàn wọ́n. Ìyàwó kékeré pa àtẹ́wọ́, ó ní, “Ọkọ mi, ọwọ́ yín á máa mọ́.” Mo rán ojú ọgbẹ́ náà. Oríṣìí ìránṣọ tí mo rán lọ́jọ́ náà, n kò rán irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo tú òwú kúrò lọ́jọ́ kẹjọ, ó kù bí ìlà tí wọ́n fi èékánná fà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé iṣu wá fún mi, ó gbé àkùkọ wá, ó sì dúró lójú agbo àwọn tó wá gba ìtọ́jú, ó ń wí fún wọn pé àbúrò òun ni mí.

Ó tó oṣù kan kí n tó délé. Ọjọ́ Àìkú ni. Mo bá àwọn obìnrin lẹ́bàá kànga, èmi àti kẹ̀kẹ́ mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kẹ́yìn sí mi, kò rí mi. Obìnrin méjì gbé ìkòkò rù ú, wọ́n fi í sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún láti di etí ìkòkò mú, ọwọ́ náà dé ìwọ̀n àyà, ó dúró. Ó tún gbìyànjú. Ó wá sáré fi ọwọ́ òsì gbá a mú, ṣùgbọ́n ìkòkò ti yẹ̀. Ó fọ́ sórí òkúta kànga.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìkẹta rèé.”

Ó tẹ̀ láti ṣa àpáàdì, ìborùn rẹ̀ sì jábọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Èjìká ọ̀tún ti wálẹ̀ ju tòsì lọ. Ibi tí ẹran ti máa ń ga láti ọrùn lọ sí èjìká ti jin kòtò, bí ẹni fi ṣíbí kó o. Egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká yọ síta lábẹ́ awọ bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo di kẹ̀kẹ́ mi mú.

Nígbà tó yíjú tó rí mi, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé, ìwọ rèé. Ọwọ́ mi ń ṣe mí bákan. Bóyá mo sùn lé e lórí ni.”

Mo padà sí dipẹ́ńsà, mo ṣí kàyé mi, mo rí orúkọ náà àti ìlà tí mo fà sí i nídìí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a wọ kamiyọ̀n tó kó àgbàdo, èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, a gba Pobè lọ sí Àjàṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti kó sí kòtò, á fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún dání bí ẹni gbé ọmọ. Dókítà tó kọ́ mi ló wò ó. Ó ní kó jókòó, kó kẹ́yìn sí wa, kó bọ́ aṣọ èjìká.

“Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìyá.”

Òsì lọ sókè. Ọ̀tún dé àyà, ó ń gbọ̀n. Dókítà fi ìka kan tẹ ojú àpá náà. Ó wá fi Faransé bá mi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

“Ta ló gé èyí?”

“Èmi ni, ọ̀gá.”

“Ǹjẹ́ o rí okùn kan níbẹ̀?”

“Mo rí i. Mo rò pé gbòǹgbò kókó ni.”

Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbi tó ti ń fọ̀ ọ́. Mo bi í bóyá ó ṣeé so padà.

“Bóyá lọ́jọ́ tí o gé e. Bóyá ní ìlú àwọn Òyìnbó. Ẹran náà ti ń kú, kò ní jí mọ́. Èjìká náà á máa fa ọrùn, ọrùn á sì máa dùn ún títí ọjọ́ ayé rẹ̀.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. “Ìwọ ni kí o sọ fún un. Èmi kò ní bá ọ sọ ọ́.”

Obìnrin náà kò gbọ́ Faransé. Ó ń wo ẹnu wa.

Nínú kamiyọ̀n, nígbà tí a kúrò ní Pobè, ó bi mí. “Kí ni ó wí?”

“Ó ní iṣan ni.”

“Iṣan wo?”

“Iṣan ọrùn. Ó ní kí ẹ má gbé ẹrù wúwo. Ó máa pẹ́ díẹ̀.”

Iṣan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, gba gbogbo ohun tí mo fẹ́ pa mọ́. Ó mi orí pé òun gbọ́, ó sì gbé ojú sí ọ̀nà.

Ọ̀gbẹlẹ̀ wọlé, kànga gbẹ. Ìyàwó kékeré ló ń pọn omi ilé nìkan, ó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ọmọ lẹ́yìn, ìkòkò lórí. Ìyáálé kò lè gún iyán mọ́, kò lè gbá ilẹ̀ pẹ́ títí, kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di irun ara rẹ̀; ìyàwó kékeré ló ń dì í fún un. Lójú mi, ìfẹ́ ni èyí. Ìyá mi rí i lọ́tọ̀. Ó ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ẹni tó bá fẹ́ di ìyáálé ló máa ń kọ́kọ́ di olùrànlọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí. Mo bá gbogbo wọn lábẹ́ igi àgbàlá: ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi, àwọn àgbà ilé, àwọn ìyàwó méjèèjì. Ìyàwó kékeré ti kúnlẹ̀.

“Ta ló di orí rẹ̀ mú lọ́jọ́ tí wọ́n gé kókó?” ìyá mi bèèrè.

“Èmi ni, ìyá,” ọmọbìnrin náà dáhùn. “Wọ́n ní kí n dì í mú ni.”

“Kí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ?”

“Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi.”

“Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Kókó ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ ṣáájú, ó ń ru omi. Ìwọ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò lè ru omi mọ́. Àsasí ni ìwọ fi kàn án.”

Ọmọbìnrin náà yí sọ́dọ̀ mi lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ó ń sunkún. “Ọkọ mi, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí.”

Gbogbo wọn wò mí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó wà lẹ́nu mi bí oúnjẹ tó gbóná. Mo ronú nípa dipẹ́ńsà, mo ronú nípa àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lówùúrọ̀ tí wọ́n ń dìde bí mo bá dé.

“N kò rí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀,” mo wí.

“Ṣé ojú ni wọ́n fi ń rí àsasí?” ìyá mi dáhùn.

N kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyáálé jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, òun náà kò sọ̀rọ̀. Ó ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ìkà, ó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ó lọ sílé baba rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí ìgbà díẹ̀ túmọ̀ sí. Ó di ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé ẹrù rù, ó sì gba ọ̀nà Kpankou lọ. Mo ń tọ́jú ẹsẹ̀ ọkùnrin kan nígbà tó kọjá níwájú dipẹ́ńsà. Kò yà. N kò jáde.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ kí n tó gbọ́ pé ọmọ ìyàwó kékeré kú. Àgbẹ̀ kan tó wá gba oògùn ibà ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé eku jẹ iṣu. Ó ní ìgbẹ́ gbuuru ni, ọjọ́ mẹ́ta. Mo parí ìtọ́jú rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nílé, ó ń yọ àgbàdo lára ṣùkù. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. N kò kúnlẹ̀ fún un rí, ìlànà kò gbà á.

“Èmi ni,” mo wí. “Èmi ni mo gé iṣan tó ń gbé èjìká yín. Dókítà sọ fún mi ní Àjàṣẹ́. Ìyàwó kékeré kò ṣe nǹkan kan.”

Kò dáwọ́ dúró. Ó yọ ṣùkù náà tán, ó mú òmíràn.

“Mo mọ̀,” ó wí.

N kò lóye. “Ẹ mọ kí ni?”

“Akọ̀wé, ara mi ni. Àlùmọ́gàjí rẹ pa ẹnu dé, èjìká mi fò. Láti ìgbà náà ni kò ti gbọ́ tèmi mọ́. Mo sì wo ojú rẹ níwájú dókítà yẹn.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ?”

Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. “Bí mo bá sọ, ìwọ ni wọn ì bá lé. Mo pọ̀n ọ́. N kò pọn òun.” Ó bú sẹ́kún lẹ́yìn náà, ẹkún tí kò ní ohùn, èjìká kan ń mì, èkejì kò mì. “Wọ́n ní ọmọ náà ti kú. Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni.”

A wà níbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi ti oko dé. Mo sọ ọ́ fún un lójú ìyàwó rẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi, mo sì fẹ́ kó gbá mi. Ó tẹ́tí títí mo fi parí ọ̀rọ̀, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó sì padà sí oko tó ti ń bọ̀. Ìyá mi ní kí n má sọ ọ́ níta. Ó ní ẹnu ayé kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ yí padà mọ́, pé ọmọbìnrin náà lè jẹ̀bi nǹkan mìíràn tí a kò mọ̀. Títí ó fi kú, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà.

Mo lọ sí Kpankou lọ́jọ́ kejì. Baba ọmọbìnrin náà gbé àpótí fún mi, ó fún mi lómi mu, nítorí pé àlejò ni mí. Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ìyàwó ṣe ń kí àbúrò ọkọ, ìyẹn ló sì ṣòro jù fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìyọ nǹkan kan sílẹ̀, okùn funfun, àlùmọ́gàjí, Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lábẹ́ igi àti èyí tí n kò sọ.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ ti gbọ́ pé ọmọ kú?”

“Mo gbọ́.”

“Lọ́jọ́ kejì tí ó ń yàgbẹ́, mo pọ̀n ọ́n, mo ní kí n gbé e wá bá yín. Mo mọ̀ pé ẹ ní oògùn rẹ̀. Mo rìn dé ìdajì ọ̀nà. Mo wá rántí pé wọ́n ti lé mi kúrò nílé yín, mo sì rántí pé ẹ dákẹ́. Mo ní bóyá ẹ̀yin náà gbà á gbọ́.” Ó nu ojú rẹ̀. “Mo padà.”

Oògùn náà wà lọ́dọ̀ mi. Iyọ̀, ṣúgà àti omi tó mọ́ ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Baba rẹ̀ dìde. “O ti wí,” ó sọ. “A ti gbọ́. Máa lọ sílé.”

Ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí ìyàwó rẹ̀ padà. Wọ́n kò gbà. Ọdún kejì, ọkùnrin kan láti òdìkejì ààlà fẹ́ ẹ, ó sì kó lọ sí ilẹ̀ Nàìjíríà. N kò tún fojú kàn án.

Ìyáálé gbé ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, bí dókítà ti wí, ìrora náà sì máa ń pọ̀ ní ìgbà ọyẹ́. Mo ń lọ bá a fi òróró ra ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ìka mi nígbà náà, mo ti lọ kọ́ ọ dáadáa. Nígbà mìíràn, ó máa ń bú mi pé ọwọ́ mi le. Nígbà mìíràn, ó máa ń sùn lọ. A kì í sọ̀rọ̀ ọmọ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì ó lé. Bí mo bá wọlé, á jáde. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí dipẹ́ńsà, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn obìnrin àti ọmọ wọn, ibà ti ń gbọ̀n ọ́n. Mo ní kó wọlé ṣáájú. Ó mi orí pé rárá, ó jókòó dúró títí ó fi kàn án. Ó wọlé, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá sí mi, ó ń wo ògiri. Mo gún un lábẹ́rẹ́.

“Ṣé ó ti tán?” ó bèèrè.

“Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ padà wá lọ́la.”

“Mo gbọ́,” ó wí, ó sì ń sọ apá aṣọ rẹ̀ kalẹ̀ bó ti ń jáde.